Mo Ní Ìbàdàn Ti Sún Mọ́lé Jù

Tíṣà Ọládòkun ni ó kọ́kọ́ sọ fún mi pé ọmọ mi ti fi ilé ìwé sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀gbẹ́ agbọ̀n obì mi ni mo jókòó sí ní Sábó, ní Ògbómọ̀ṣọ́, nígbà tí ó ka lẹ́tà tí ọmọ náà kọ fún mi, torí nígbà náà n kò mọ̀wé ju kí n kọ orúkọ mi lọ. Ó kà á tán, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sunkún lójà." Ẹkún wo? Ó ti rẹ̀ mí kọjá ẹkún.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí, òwò ló gbé mi dé Ògbómọ̀ṣọ́. Àjàní ọmọ mi ṣì ń rákòrò nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, obì tí mò ń tà fún àwọn Hausa ni mo fi rán an níwèé. Lọ́jọ́ kan ó wá sọ pé wọ́n ti gba òun sí yunifásítì n'Íbàdàn. Ṣé kò yẹ kí n jó? Ṣùgbọ́n kíkà ni gbogbo wa lọ́jà ń kà nígbà yẹn. Bí a bá ti pàtẹ tán, a ó máa ka iye ọmọ ìlú kọ̀ọ̀kan tó wà lókè òkun. Ìyá Délé, tí ọmọ tirẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ lọ́yà ní Lọ́ńdọ̀nù, á na ọwọ́ méjèèjì, á ní, "Ògbómọ̀ṣọ́ rèé, ìka ò tó mọ́! Ìyá Àjàní, ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́ ńkọ́? Àbí ààfin lẹ ń ṣọ́?" Wọ́n á bú sẹ́rìn-ín, èmi á sì dojú kọ agbọ̀n obì mi. Àjàní ní, "Ìyá mi, Ìbàdàn náà tó o." Mo ní ibi tí mo lè wọkọ̀ lọ láàárọ̀ kí n sì padà kílẹ̀ tó ṣú, ta ni yóò ka ìyẹn? Mo lọ yá owó ọkọ̀ òkun lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àwa ọmọ Ọ̀yọ́ tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo fi rán an lọ sí Lọ́ńdọ̀nù.

Kí ló wà nínú lẹ́tà? Ó ní ilé ìfọṣọ ni òun ti ń ṣiṣẹ́, ìwé ò wọlé mọ́, ojú sì ń ti òun láti wálé lọ́wọ́ òfo. Ó ní nínú kíláàsì àwọn, ará Íńdíà pọ̀, ará Gólúkóósì, ìyẹn Gánà, pọ̀, àwa Nàìjíríà náà ò kéré. Òun wá bi ọmọ òyìnbó kan pé ìlú òkèèrè wo ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ kàwé. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ní kí ni àwọn ń wá lọ, nígbà tó jẹ́ pé gbogbo Sátidé ni òun ń lọ jẹun nílé ìyá òun. Háà! Gbogbo Sátidé ni Àjàní ì bá máa ti Ìbàdàn wá jẹun lọ́wọ́ mi!

Mo lọ kọ́ ìwé ní kíláàsì àwọn àgbà, kí n lè fọwọ́ ara mi kọ ọ́ sí i pé kó máa bọ̀ lọ́wọ́ òfo náà. Mo ti kọ lẹ́tà mẹ́ta. Èsì ò dé. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń kà á, bí ọmọ bá ní ibì kan tó òun, ẹ gbà fún un.

Ọdún mẹ́ta ni mo fi san owó ẹgbẹ́ náà. Lọ́jọ́ tí mo san èyí tó kẹ́yìn ní ìpàdé, alága kà á, ó ní, "Ó pé, Ìyá Àjàní. Ẹ ṣeun." Akọ̀wé wá ṣí ìwé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ tó wà lókè òkun, bí a ti máa ń ṣe. Nígbà tó kan Àjàní, wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo dìde, mo ní, "Owó yín ti pé. Ẹ yọ ọmọ mi kúrò nínú kíkà yín."