Ewé Ọ̀dùnkún Tí Mo Ní Mo Jẹ

Ẹ̀yin ará ilé wa ní Whitby nílùú òyìnbó níbí, ẹ̀yin ará ṣọ́ọ̀ṣì, àti gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbọ́ pé Ṣìmí fún ìyá ọkọ rẹ̀ ní májèlé jẹ, ẹ fetí sílẹ̀, mo fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú ikùn mi láti summer tó kọjá, kò jẹ́ kí n sùn. Ẹnu èmi Jùwọ́n tẹ́ ẹ mọ̀ yìí, ẹnu tó ń sọ kiri pé òun dá fìríìjì gbé gun àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́wàá, òun náà ló fẹ́ sọ òótọ́ lónìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹ̀rín níbẹ̀.

Inú basement Brother Dàpọ̀ ni mò ń gbé. Ìbátan ìyá mi lọ́nà jíjìn ni wọ́n, àwọn ará ilé wọn ò mọ bàbá mi rí. Ìyá wọn ti wá bá wọn gbé láti Surulérè, Ṣìmí ìyàwó wọn sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìbàdàn. Ṣìmí jù mí lọ dáadáa, ó kàwé, èmi ò kà á. Ṣùgbọ́n nítorí pé ó bá mi nílé ọkọ rẹ̀, Brother Jùwọ́n ló ń pè mí, “ẹ” ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀, bíi pé mo ti hu irùngbọ̀n. Ọlá yẹn gùn mí. Ibi tí wọ́n ti ń to páálí sínú tírélà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, àmọ́ tẹ́ ẹ bá gbọ́ mi lójú Ṣìmí, ẹ ó rò pé èmi ni mo ni gbogbo tírélà náà.

Nígbà tí yìnyín yọ́ tán, Màmá ní àwọn fẹ́ gbin ọ̀dùnkún sí backyard, irú èyí téèyàn lè jẹ iṣu rẹ̀ kó sì tún fi ewé rẹ̀ se ẹ̀fọ́, bí ìyá wọn ṣe máa ń sè é n'Íkòròdú. Wọ́n ń bèèrè irú èyí tó dáa. Mo ní, “Màmá, ṣé ọmọ àgbẹ̀ lẹ̀ ń bi léèrè oko?” Mo ní oko ọ̀dùnkún bàbá mi ní Ìsẹ́yìn tóbi débi pé bàálù tó bá ṣìnà, òun ló fi ń mọ̀nà. Irọ́ ni. Fọkanáísà ni bàbá mi ní Mushin. Táyà nìkan ni mo rí kí n tó kúrò nílé.

Mo lọ ra irúgbìn. Bàbá òyìnbó kan fi oríṣiríṣi hàn mí: ọ̀kan tí ara rẹ̀ rí págunpàgun, ó ní ìyẹn dáa fún dídín, ọ̀kan tínú rẹ̀ rí bíi pupa ẹyin, ó ní kí n máa sè é, ọ̀kan pupa, ó ní ìyẹn ló ń tètè ta. Bí mo ṣe rí pupa yẹn ni mo pariwo pé ọ̀dùnkún ilé wa rèé, torí pupa ni èyí tí wọ́n ń tà ládùúgbò wa. Bàbá náà bi mí bóyá èyí tó ń dùn ni mo ń wá, ó ní ìyẹn yàtọ̀, ìtàkùn ni wọ́n fi ń gbìn ín. Mo fi ọgbọ́n mi dá a lóhùn pé kò sí èyí tí kì í dùn. Ọ̀dùnkún la kúkú ń pe méjèèjì, èyí tó ń dùn àti pòtétò òyìnbó. Ó gbé èjìká sókè, ó bá mi dì í.

Ewé yọ, ó tutù yọ̀yọ̀. Màmá wò ó títí. Wọ́n ní, “Jùwọ́n, ọ̀dùnkún a máa fà nílẹ̀. Kí ló dé tí tìẹ nàró bí ọlọ́pàá?” Mo ní, “Màmá, pẹ̀lú òtútù ilẹ̀ yìí, ta ló máa dùbúlẹ̀ sórí ẹ̀?” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di fẹ́ǹsì mú.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí Ṣìmí já ewé náà sè, Brother Dàpọ̀ wà níbi iṣẹ́ ní Bowmanville. Èmi ń so okùn bàtà, mò ń lọ wo bọ́ọ̀lù. Ṣìmí tọ́ ọ wò, ó tu ú dànù, ó ní ó korò, ó ń ta òun lẹ́nu. Màmá bojú wò mí. Mi ò sún mọ́ ìkòkò o. Mo ní kíkorò yẹn gan-an ni oògùn tó wà nínú ẹ̀, mo ní ṣé ìyàwó wa tó dàgbà sígboro ló fẹ́ kọ́ ọmọ àgbẹ̀ ní ewé ni. Màmá ní kó bu tàwọn wá. Wọ́n fi jẹ ẹ̀bà, wọ́n jẹ ẹ́ tán. Ṣìmí jẹ búrẹ́dì. Èmi ti lọ.

Kílẹ̀ tó ṣú, Màmá ti ń bì, inú ń lọ́ wọn, ojú wọn ti yí. Nílé ìwòsàn, dókítà bi Ṣìmí pé kí ni wọ́n jẹ. Ó fi òyìnbó tó já gaara sọ pé ewé ọ̀dùnkún ni, èyí tó ń dùn, torí ohun témi pè é fún un nìyẹn. Dókítà ní ìyẹn kì í ṣe èèyàn ní nǹkan kan. Lójú gbogbo wọn, ewé ti bọ́ níbẹ̀. Ó ku ẹni tó sè é.

Lọ́jọ́ kejì, mo fi ọ̀rọ̀ náà dápàárá fún Rayyan, ọmọ Bangladesh tá a jọ ń ṣiṣẹ́. Pòtétò ni bàbá rẹ̀ àgbà ń gbìn. Rayyan gbé páálí ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní pòtétò ni nǹkan pupa tí mo rà yẹn, májèlé sì ni ewé rẹ̀, kí n pe dókítà kíá. Mo ní màá pè. Kọfí ni mo lọ rà. Ẹ gbọ́ mi: mo mọ̀. Kí Màmá tó dé láti ilé ìwòsàn, mo ti mọ̀.

Nígbà tí wọ́n dé, a jókòó ní pálọ̀. Ṣìmí kúnlẹ̀. Ó ní, “Brother Jùwọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn pé ewé yẹn ni.” Brother Dàpọ̀ bi mí bóyá èmi náà jẹ ńbẹ̀. Ká ní mo sọ pé rárá ni, kí n sì sọ ohun tí Rayyan sọ, ọ̀rọ̀ ì bá tán. Ṣùgbọ́n ọmọ àgbẹ̀ ni wọ́n ń pè mí nílé yẹn, mi ò fẹ́ kó bọ́ lórí mi. Mo gbá àyà. “Mo jẹ ẹ́. Àwo méjì. Mo tún lá ìkòkò. Ẹ wò mí, kí ló ṣe mí?”

Ṣìmí ní, “Ìkòkò wo? Mo ti da èyí tó kù nù.”

Màmá gbé ojú sókè. “Kí ló dé tó o fi dà á nù?”

Ó ní torí pé ó korò ni. Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́ mọ́. Tí Jùwọ́n bá jẹ nínú ìkòkò kan náà tí kò kú, a jẹ́ pé inú àwo Màmá nìkan ni nǹkan wà. Ṣìmí ní kí n wo ojú òun. Tẹlifíṣọ̀n ni mò ń wò, a ò sì tàn án. Kò pè mí ní òpùrọ́, torí ọkọ ni mo jẹ́ sí i nílé. Lọ́jọ́ yẹn, Brother Dàpọ̀ ní kó kó ẹrù rẹ̀. Màmá pe ìyá rẹ̀ n'Íbàdàn, wọ́n ní kó wá gba ọmọ apààyàn rẹ̀. Mo gbọ́ bí obìnrin yẹn ṣe ń bẹ̀bẹ̀ lórí fóònù. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sùn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀dùnkún tó ṣẹ́kù sínú ilẹ̀ tún hù fúnra rẹ̀. Màmá pè mí tayọ̀tayọ̀, wọ́n ní kí n lọ já ewé wá, èmi àti àwọn la jọ máa jẹ ẹ́ báyìí tí aṣebi ti kúrò nílé. Mo hú gbogbo rẹ̀ tegbòtegbò, mo wọ ọkọ̀ lọ bá Ṣìmí ní Weston, nínú yàrá kan ṣoṣo tó ń gbé. Mo dọ̀bálẹ̀ ní kọ́rídọ̀, mo ka gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Kò sunkún. Ó ní, “Èmi kọ́ ló yẹ kó o wá sọ fún, Jùwọ́n. Èmi mọ̀ pé mi ò ṣe é.” Ó ti ilẹ̀kùn. Kò pè mí ní Brother.

Torí náà, ẹ̀yin ni mò ń sọ ọ́ fún. Màmá, Ṣìmí ò fi nǹkan kan sóúnjẹ yín. Èmi ni mo ra ohun tí mi ò mọ̀, èmi ni mo ní kẹ́ ẹ jẹ ẹ́, èmi tí mi ò fẹnu kàn án ni mo ní mo lá ìkòkò. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ máa ń rẹ́rìn-ín sí irọ́ mi, ẹ wo ibi tó gbé obìnrin kan dé. Ẹ dárí jì mí tó bá ṣeé ṣe. Tí kò bá ṣeé ṣe, mo gbà. Ṣùgbọ́n, Màmá, ìyá Ṣìmí ò lọ sípàdé àwọn ìyá ìjọ mọ́, ojú ń tì í. Kẹ́ ẹ tó bú mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ pe Ìbàdàn.