Irin Tí Mo Yọ Lára Ìbọn Ilé Olówòkéré

Ẹ̀yin ilé Olówòkéré ní Zion Pepe, ẹ̀tù tí Sùlèímánì, Bàbá Muzammil, tà fún yín kò lẹ́bi. Èmi Dayọ̀ ti Ugbonla ni mo fọ́ ojú Bọ̀dá Godwin. Mo gbọ́ pé Bàbá Muzammil ń bọ̀ láti Igbókòdá lọ́jọ́ Sátidé láti wá dọ̀bálẹ̀ fún un. Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kó tó wọkọ̀.

Ẹ mọ̀ pé mo máa ń kó ìbọn àtijọ́ jọ. Yunifásítì ni mo ti bẹ̀rẹ̀: ìbọn àwọn ṣójà Amẹ́ríkà, ti ìgbà tí wọ́n ń gun ẹṣin lọ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀ ibẹ̀. Kì í ṣe yíyìn ni mo fẹ́. Àmì ara wọn ni mo fẹ́ràn, ọdún àti ẹyẹ idì tí wọ́n tẹ̀ sí irin, kí n máa wá èyí tó bá èyí mu. Mo ra ọ̀kan ní Araromi, nínú ilé tí òkun wó. Ó pé, àfi irin kékeré kan tó dà bí ọmú, èyí tí òòlù ìbọn ń lù kí iná tó wọ inú ẹ̀tù. Ìlà ara rẹ̀, tí wọ́n fi ń yí i wọ inú ihò kó má bàa yọ, ti jẹ. Irú rẹ̀ gan-an wà lára ìbọn àtijọ́ tí ẹ máa ń yìn níbi ìsìnkú, ó sì dá ṣáká.

Bàbá yín gbé e fún mi kí n fi epo nù ún. Bọ̀dá Godwin ń rẹ́rìn-ín: "Ọ̀jọ̀gbọ́n, àwọn ẹgbẹ́ ẹ ń wá ìyàwó, ìwọ ń wá ìpẹtà!" Mo bá a rẹ́rìn-ín. Nígbà tó lọ tún àwọ̀n ṣe, mo yọ irin yín, mo fi tèmi sí i. Kò dúró. Mo fi òwú àwọ̀n wé e, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, mo fi epo bò ó. Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò yìn ín. Mo sọ fún ara mi pé ó ṣì pẹ́.

Kò ju oṣù mẹ́ta lọ. Bàbá yín kú, Bọ̀dá Godwin yin ìbọn náà létí omi níbi ìsìnkú, irin náà sì fò sẹ́yìn, ó bà á lójú ọ̀tún.

Wọ́n mú Bàbá Muzammil wá. Ó ní, "Ẹ̀tù yìí kan náà ni mo tà nígbà ìsìnkú ìyá Jọọlá. Ojú ta ló fọ́ níbẹ̀?" Ni ẹnì kan bá ní, "Dayọ̀, ìwọ lo kàwé ìbọn. Wò ó fún wa." Mo gbé e. Mo rí òwú mi nínú ihò, ó ti jóná. Mo fi èékánná họ ọ́ kúrò, mo ní, "Ẹ̀tù náà ló le jù." Ohùn mi kò gbọ̀n. Ẹ wo ọ̀mọ̀wé.

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó rajà lọ́wọ́ Bàbá Muzammil àti ará ilé rẹ̀ mọ́. Mo bá wọn kó ẹrù sínú ọkọ̀ tó gbé wọn lọ Igbókòdá. Bàdírátù ìyàwó rẹ̀ ní, "Ọlọ́run á ṣe tìẹ náà, ìwọ nìkan ló yọjú." Mo ní àmín. Mo lọ jẹun.

Bọ̀dá Godwin, mo bẹ̀ yín, ṣùgbọ́n n kò retí pé kí ẹ dárí jì mí kíákíá. Ẹ kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí Bàbá Muzammil pé kò ní dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, pé àwa ló yẹ ká bẹ̀ ẹ́. Bó bá ṣì fẹ́ wá, láti àárọ̀ Sátidé ni n ó ti wà ní èbúté yín. Ẹ jẹ́ kó bá mi lórí ìkúnlẹ̀.