Ìsinmi Tí Wọ́n Ní Kí N Wá Kọ́ Wọn

Àǹtí Verlene, ẹ gbọ́ ohun tí Joelle bi mí bí a ṣe ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀: "Mọ́mì, ẹ ní wọn kì í pariwo ní ilé ìkàwé. Kí ló dé tí ohùn yín máa ń há tí ẹ bá ti ibi iṣẹ́ dé?" Lamont, bàbá ẹ̀, kàn yí ohùn rédíò sókè. Ọmọ ọdún méje o. Ta ló fẹ́ dá a lóhùn?

Ṣé kí n sọ fún un pé ogún ni àwa olùtọ́jú ìwé tó wà níbẹ̀, ìyá ẹ̀ nìkan ni dúdú, tí ọ̀rọ̀ àwọn dúdú bá sì ti délẹ̀, èmi ni ẹnu gbogbo wa? Lánàá, ọkùnrin kan bá mi nídìí tábìlì, orúkọ mi àti iṣẹ́ mi wà láyà mi gàdàgbà, ó ní olùtọ́jú ìwé ńkọ́. Mo ní ó ń bọ̀. Mo fi àga yí po lẹ́ẹ̀kan, mo ní, "Ẹ káàbọ̀ sà, ìwé wo lẹ ń wá?"

Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ìyẹn kọ́ ló dùn mí. Ṣebí ẹ mọ̀ pé mo ti gba ìsinmi ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ yìí láti oṣù tó kọjá, kí n ṣáà lè sùn. Ọ̀gá wa wá kọ̀wé sí gbogbo wa pé ọjọ́ Ẹtì yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ ìsinmi àti ìtọ́jú ara fún àwọn òṣìṣẹ́ dúdú. Olùkọ́ wọn sì rèé, èmi Renita. Dúdú mélòó la wà níbẹ̀? Èmi àti Ọ̀gbẹ́ni Thaddeus tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Mo lọ bá a. Ó ní, "Arábìnrin, tí mo bá wá sinmi, ta ni yóò ṣílẹ̀kùn fún àwọn tó fẹ́ wá wò wá?" Nítorí òyìnbó mọ́kàndínlógún ń bọ̀ wá kẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n tún ní kí n yan páì ọ̀dùnkún, oúnjẹ àwa dúdú, dání.

Hẹn? Sùúrù? Pé wọn ò gbèrò ibi? Mo mọ̀, Àǹtí mi. Ṣùgbọ́n ẹ ṣe sùúrù ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nínú yàrá abẹ́ ilé ìkàwé yẹn, ẹ kọ́ gbogbo ẹni tó padà di ọ̀gá yín níṣẹ́. Ọjọ́ wo ni wọ́n pè yín ní olùtọ́jú ìwé? Ẹ̀jẹ̀ ríru lẹ gbé wálé. Ẹ̀rù ń bà mí, Àǹtí. Joelle ń wò mí.

Mo ti kọ èsì: "Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni mo ní. Lọ́jọ́ Ẹtì, ilé mi ni màá ti máa sinmi." Mi ò tíì fi ránṣẹ́. Kí ni kí n ṣe? Ẹ̀yin ni mò ń wò lójú o. Àǹtí?

Àǹtí Verlene?

Ẹ ti sùn. Joelle ti sùn lé yín lẹ́sẹ̀, Lamont ń hanrun níwájú bọ́ọ̀lù orí tẹlifíṣọ̀n. Ó dára bẹ́ẹ̀, oorun yín yìí ni èsì, mo ti gbọ́. Ó ti lọ, mo ti fi ránṣẹ́.

Ẹ má jí o. Ẹ máa sùn, ẹ kàn sún díẹ̀ fún mi lórí àga yìí.