Ẹ̀jẹ̀ Idì Tí N Kò Rí Kà

Ẹ̀yin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn ẹyẹ yìí, ẹ fìdí kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kì í ṣe èyí tí à ń gbọ́ lórí ìdúró. Bàbá Ẹlẹ́ran tó ń gbé ẹran fún àwọn ẹyẹ wa, tí ẹ lé lọ, kò pa idì. Èmi ni mo pa á.

Ẹ mọ̀ pé ẹni méjì ló ń ka ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹyẹ ajẹran wa. A ó fi ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan sórí gíláàsì, a ó kùn ún láró, ẹnì kan á wá kòkòrò inú rẹ̀ lábẹ́ maikirosikóòpù, ẹnì kejì á tún un wá, kò sì sí ẹni tó gbọdọ̀ yọjú wo ìwé ẹnì kejì rẹ̀. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń yọjú wo ìwé àbúrò wa tó ń jókòó tì mí. Ojú mi ti ń ṣú. Ìkùukùu funfun ni mo ń rí, ẹ̀rù pé iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ mi kò sì jẹ́ kí n sọ. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ bo ìwé rẹ̀, mo ní ó ti fura. Bó bá wúkọ́, mo ní èmi ló ń wúkọ́ sí. Ẹ ò rí i pé èmi olè ni mo ń ṣọ́ ọmọlúàbí!

Ọ̀sẹ̀ tí àbúrò wa gba ìsinmi ni wọ́n gbé idì ńlá nì wọlé. Ọ̀gá ní kí n dá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kà. Mo dojú kọ maikirosikóòpù títí ọrùn fi ń dùn mí, n kò rí nǹkan kan, mo bá kọ ọ́ pé ẹ̀jẹ̀ mọ́. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni kò fún un lóògùn. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ó kú.

Ni kálukú bá ń wo kálukú lójú tìfuratìfura. Ọ̀gá ń fura sí omi, ẹni tó ń fọ ilé ẹyẹ ń fura sí afẹ́fẹ́. Mo mọ̀ pé láìpẹ́ wọ́n á béèrè gíláàsì yẹn. Mo jí i gbé sápò, mo sì rọra bi ọ̀gá pé, "Ẹran tí wọ́n fún un ńkọ́, sà? Ó ń rùn sí mi o." Irọ́! Ẹran náà dára ju èyí tí mo sè nílé lọ́jọ́ náà.

Wọ́n pe Bàbá Ẹlẹ́ran. Ó ní, "Ìyá Onígíláàsì, ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹ wojú mi, kẹ́ ẹ sọ pé ẹran mi ti rà."

Mo wojú rẹ̀. Ìkùukùu ni. Mo ní, "Ó ti rà."

Ó bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ká a dáadáa, ó gbé e sórí àga, ó lọ.

Lóṣù tó kọjá ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún mi. Níjẹta, mo ti ìlẹ̀kùn, mo gbé gíláàsì náà sábẹ́ maikirosikóòpù. Kòkòrò kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lánàá pàápàá á rí i. Gíláàsì náà nìyẹn lórí tábìlì. Kí àbúrò wa kọ́kọ́ kà á.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ àárín wa, bí ojú yín bá ṣú, ẹ pariwo síta. Ìtìjú ọjọ́ kan ni. Ọ̀gá, ẹ pe Bàbá Ẹlẹ́ran padà sẹ́nu iṣẹ́ kí ẹ tó ṣe mí bó ṣe tọ́. Màá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, àgbà bí mo ṣe dà yìí. Ṣùgbọ́n bó bá ní òun ò dárí jì mí, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má bá mi bẹ̀ ẹ́.