Ìbídùn Fi Ọwọ́ Pamọ́ Lẹ́nu Ọ̀nà Ọ̀run

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, láti ìgbà tí wọ́n ti dá ayé, èmi nìkan ṣoṣo ni wọ́n tíì lé kúrò lọ́run torí pé mo ń hanrun. Àwọn áńgẹ́lì ní àwọn ò gbọ́ orin ara àwọn mọ́, ni wọ́n bá gbé èmi àti ẹní tí mo sùn lé padà wá sílé ayé. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ bi wọ́n léèrè. Ìyẹn ti pẹ́. Ti ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá ni mo fẹ́ sọ ní ìpàdé àdúrà òní, kò sì sí ẹ̀rín nínú rẹ̀.

Ẹ mọ̀ mí. Ìwé kẹrin ni mo kà dé tí bàbá mi fi ní kí n wá sóko. Ilé mi ló kọjú sí géètì yunifásítì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló sì háyà yàrá inú rẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi dé ṣọ́ọ̀ṣì ìlú mọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ń jọ́sìn pẹ̀lú ẹ̀yin ọmọ yunifásítì nínú gbọ̀ngàn yín yìí.

Ìbídùn wà lára àwọn tó ń gbé ilé mi. Òun ló ń lé orin fún ẹgbẹ́ akọrin yín. Bó bá la ẹnu, èmi tí orúnkún ń dùn yìí á ti dìde kí n tó mọ̀. Àsìkò ìdánwò ló kọ́ sìgá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló ní yóò lé oorun lójú rẹ̀. Ìdánwò parí, sìgá ò parí. Mo máa ń gbóòórùn rẹ̀ lẹ́yìn ilé. Màá wúkọ́ kó lè mọ̀ pé mo ń bọ̀, á sáré tẹ èyí tó kù mọ́lẹ̀, á ju mínǹtì sẹ́nu, á ní, "Ẹ káàsán, Bàbá," bíi pé ewéko ló ń wò níbẹ̀.

Ẹ sì mọ àṣà ibí yìí. Kí akọrin tó gòkè lọ kọrin, Káyọ̀dé, ààrẹ ẹgbẹ́ yín, á dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, á máa gbóòórùn ìka wọn níkọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ìka rẹ̀ bá ń rùn fún sìgá, bẹ́ńṣì ẹ̀yìn ni ibùjókòó rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ la ẹnu kọrin títí Káyọ̀dé yóò fi dá a sílẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn, ó kan Ìbídùn.

"Sísítà Ìbídùn, ọwọ́ ọ̀tún."

"Ẹ jọ̀ọ́, Brọ́dà Káyọ̀dé. Mo ti ń gbìyànjú láti fi í sílẹ̀. Ẹ bá mi gbàdúrà."

"A óò gbàdúrà. Ọwọ́ dà?"

Ó gbé ìka yẹn símú, ó yíjú kúrò bí ẹni tó rí òkú eku. "Bẹ́ńṣì ẹ̀yìn."

Ẹnì kan nínú yín, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ó ní, "Ẹ fún un ní ìṣáná kó bá wa tan àbẹ́là." Ẹ rẹ́rìn-ín. Ìbídùn ò jókòó sórí bẹ́ńṣì kankan. Ó ki ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bọ inú aṣọ, ó sì bá ẹnu ọ̀nà jáde.

Nígbà tí ìsìn parí tí gbogbo yín ti lọ jẹun, mo kúnlẹ̀ níbí, mo gbàdúrà fún ọmọ náà títí ọ̀rọ̀ fi tán lẹ́nu mi. Mo gbé orí lé bẹ́ńṣì. Oòrùn ọ̀sán ń ta mí lẹ́yìn. Bí oorun ṣe gbé mi lọ nìyẹn.

Ọkùnrin kan fọwọ́ kàn mí léjìká, aṣọ rẹ̀ funfun débi pé mo fọwọ́ bojú.

"Dìde, bàbá."

"Ẹ jẹ́ n wá bàtà mi."

"Ibi tí à ń lọ, wọn kì í wọ bàtà dé ibẹ̀."

Ilẹ̀ là, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, ooru ń ta mí lójú, mo ń gbọ́ igbe, mo fẹ́ padà, ẹ̀yìn mi ti di ògiri, mo di aṣọ ọkùnrin yẹn mú, mo ń pe Jésù, mo ń pe ìyá mi, mo ń pe ẹni tí mo bá rántí! Mo rí àwọn òpùrọ́, wọ́n ń jẹ ahọ́n ara wọn, bí wọ́n bá jẹ ẹ́ tán á tún hù. Jìnnìjìnnì bò mí, ẹ̀yin náà mọ ìdí rẹ̀. Mo rí olùkọ́ kan lórí ibùsùn iná, ó ń pe orúkọ àwọn ọmọbìnrin, kò sí èyí tó dá a lóhùn.

"Ilé rẹ̀ ló ti máa ń ní kí wọ́n wá gba máàkì," ni amọ̀nà mi wí.

Lẹ́yìn wọn ni àwọn kan jókòó sórí àga, wọ́n múra bí ẹni ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Èéfín ń jáde ní ihò imú wọn. Wọ́n ń gbé ọwọ́ ara wọn símú, wọ́n ń sunkún.

"Àwọn wo nìyí, sà?"

"Àwọn tó lé ọmọ jáde nílé Baba rẹ̀."

Àga kan ṣófo láàárín wọn. Káyọ̀dé, gbójú sókè. Mi ò sọ pé tìrẹ ni.

A gba ọ̀nà kan gòkè. Àwọn ọ̀dọ́ jókòó sẹ́bàá ọ̀nà yẹn, wọ́n ń mí bí ẹni tí wọ́n gbé òkúta lé láyà. Amọ̀nà mi ní sìgá ló mú wọn dé kí ọjọ́ wọn tó pé. Ọmọkùnrin kan fà mí láṣọ. "Bàbá, ṣé ìyá mi ṣì ń tọ́jú aṣọ tí n óò wọ̀ lọ́jọ́ tí mo bá gboyè?" Kí ni kí n sọ fún un? Mo ní ó ń tọ́jú rẹ̀. Mo sì sáré kọjá.

Báyìí ni a dé géètì ọ̀run. Mo yọjú wo inú, mo rí ìyàwó mi tó ti kú, ó na ẹsẹ̀ gbalaja lábẹ́ igi, kò sí ẹni tó ń rán an níṣẹ́. Ó ní, "Háà! Bàbá aláròsọ, ta ló mú ọ dé ibí?" Ẹkún gbọ̀n mí. Mo tún wo ẹ̀gbẹ́ mi, Ìbídùn ló dúró yẹn, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ nínú aṣọ.

Olùṣọ́ géètì ní, "Wọlé, ọmọ mi. Ìwọ ni wọ́n ń dúró dè kí orin tó bẹ̀rẹ̀."

"Ẹ ò ní gbóòórùn ìka mi ná?"

"Torí kí ni?"

"Ó ń rùn, sà."

"La ẹnu rẹ, kí o kọrin, kí o máa wọlé bọ̀."

Ọmọ náà fi ọwọ́ kejì bo ẹnu, ó ń mi orí. Àwọn akọrin ọ̀run ti tò, àyè òfìfo wà níwájú wọn, gbogbo wọn ń wò ó, géètì bẹ̀rẹ̀ sí í pa dé, mo ní, "Ìbídùn, kọrin! Ọmọ mi, ṣáà kọrin!", ohùn mi ò jáde, ó ku díẹ̀ kí géètì pa dé pátá, ni Ìbídùn bá ṣí ọwọ́ kúrò, ó kọrin, géètì sì ṣí gbayawu.

Mo jí. Omijé ti rin bẹ́ńṣì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fa sìgá, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ má jẹ́ kí aṣọ ìgboyè yín ṣófo lọ́wọ́ ìyá yín. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbóòórùn ìka, ẹ dá àṣà yìí dúró lónìí. Ìbídùn ò tíì kúrò ní yàrá láti ọjọ́ Ìsinmi, àfi bó bá fẹ́ ra sìgá. Mo kan ilẹ̀kùn rẹ̀ láàárọ̀ yìí, ó ní, "Bàbá, ẹ má wọlé, ibí ń rùn." Ẹ dìde, ká jọ lọ pè é, kí Káyọ̀dé ṣáájú.

Orin tí mo ní ó kọ lẹ́nu géètì yẹn, irọ́ ni. Èmi ni mo fi kún un. Ìyókù ni mo rí. Nígbà tí mo jí, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, géètì sì ń pa dé lọ.