Ohùn Màmá Mi Tí Adéníjì Pa Rẹ́

Àǹtí Fúnlọ́lá, ẹ má ní kí n jókòó, ìdúró ni mo fẹ́ fi rojọ́ àbúrò yín! Láti ilé wa ní Euless ni mo ti wa ọkọ̀ bọ̀ tí omi ń dà lójú mi. Ẹ̀yin lẹ wá tọrọ mi lọ́wọ́ màmá mi, ẹ̀yin náà ni kẹ́ ẹ bá mi bi Adéníjì: kí ni mo ṣe fún un tó fi pa ohùn màmá mi rẹ́?

Kásẹ́ẹ̀tì kékeré tá a fi kámẹ́rà gba ìsọmọlórúkọ Dámiláre ọmọ wa sí ní Ìsẹ́yìn, ṣé ẹ rántí? Inú ìró ni mo dì í sí, tí mò ń gbé e kiri láti apartment dé apartment. Nígbà tí màmá mi kú, ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú òyìnbó ò jẹ́ kí n lọ sílé lọ sin wọ́n. Mi ò rí sàréè wọn rí, Àǹtí! Kásẹ́ẹ̀tì yẹn nìkan ni mo ní.

Ọkọ mi, ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà jẹun ní Addison, ló ní òun máa dà á sórí laptop fún ọjọ́ ìbí mi, mo tún ń dúpẹ́! Lánàá ó pè mí wá wò ó. Màmá mi yọ, wọ́n gbé ọmọ dání, wọ́n kọjú sí mi, ẹnu wọn ń ṣí, ó ń pa dé, orin ìsìn ni mò ń gbọ́! Mo ní ohùn wọn ńkọ́? Ó ní ariwo jẹnẹrétọ̀ ló bo gbogbo ẹ̀, lòun bá yọ gbogbo ohùn inú ẹ̀ kúrò, òun fi orin sí i, kó lè dùn ún gbọ́. Háà! Ṣebí nítorí jẹnẹrétọ̀ yẹn ni màmá mi ṣe ń fi gbogbo agbára pariwo oríkì mi! Ta ló ní ó ń dí mi létí? Ariwo ilé wa ni, mo fẹ́ ẹ!

Mo ní kásẹ́ẹ̀tì dà? Ó ní ṣé ó ti wọ kọ̀ǹpútà, kí la tún ń tọ́jú ike fún, òun ti jù ú sí trash, wọ́n ti kó o lọ láti Tuesday.

Rárá o, mo mọ̀ pé kò ṣe é níkà. Oore ló rò pé òun ń ṣe, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí, mi ò rójú bú u.

Àtàárọ̀ ni mo ti ń wo ẹnu wọn. "Àṣàbí," mo mọ ìyẹn. "Àṣàbí, ọmọ..." Ọmọ kí ni, Àǹtí? Mi ò rántí mọ́.

Ẹ pè é wá síbí. Kó má pè mí ní honey mọ́ láyé! Kó pè mí ní Àṣàbí, kó máa ki mí lọ, kó má dúró títí tó fi máa débi tí màmá mi parí ẹ̀ sí. Ṣebí òun ló gbọ́ ọ kẹ́yìn!