Ohun tí Mo Fi Pamọ́ Sínú Òpó Àká Kambolé

Ẹ̀yin ará Kambolé, Rìdwánù kọ́ ló pa Ṣàkírátù. Èmi Àlàsàn tó ń jó alumíníọ̀mù pọ̀ ní àdúgbò Kouloundè ní Sokodé ni. Dókítà ní Sokodé ti sọ pé ẹ̀dọ̀ mi ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, n kò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè.

Nígbà tí ikán jẹ òpó àká iṣu wa tán, ẹ ní kí Rìdwánù tó kàwé ya àká tuntun, kí èmi ṣe é. Èmi àti òun la jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà ní kékeré. Ọjọ́ tí mo fi ilé-ìwé sílẹ̀, ó pariwo lójú gbogbo kíláàsì pé, "Àlàsàn, lọ bá ọkọ́ bàbá rẹ!" Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. N kò gbàgbé, n kò sì fẹ́ gbàgbé.

Ó ní kí n fi ọ̀pá alumíníọ̀mù oníhò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe òpó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kó má bàa wúwo, kí n wá ki ọ̀pá kúkúrú bọ inú ọ̀kọ̀ọ̀kan níbi àárín. "Àárín ni òpó ti ń tẹ̀ bí ẹrù bá pọ̀ lórí rẹ̀."

Mo ní, "Ìdí ni igi ti ń nípọn."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, ta ló bi ọ́ nípa igi? Ṣe ohun tí mo yà."

Nítorí ẹ̀rín yẹn, ìdí ni mo ki gbogbo ọ̀pá kúkúrú náà sí. Mo fẹ́ kí àká dúró, kí n lè sọ fún un lójú gbogbo yín pé kò mọ nǹkan kan. Ta ló máa wo inú òpó?

Iṣu kún àká. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan mo wá kírun, mo gba ibẹ̀ kọjá. Òpó kan ti tẹ̀ láàárín, níbi tí Rìdwánù wí gẹ́lẹ́. Ṣàkírátù wà lábẹ́ rẹ̀, ó ń ṣa iṣu.

"Ẹ̀gbọ́n Àlàsàn, ẹ káàbọ̀ o! Ṣé wọn kì í jẹun ní Sokodé ni? Ẹ ti rù ju òpó yín lọ!"

Mo la ẹnu láti ní kó jáde. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́, Rìdwánù ló borí nìyẹn. Mo pa ẹnu dé, mo lọ ṣe àlùwàlá. Ìkà ni mí. A wà ní rákà kejì nígbà tí àká wó lù ú.

Àwọn ọlọ́pàá tó wá láti Tchamba bi mí. Mo ní, "Bó ṣe yà á ni mo ṣe é."

Rìdwánù wò mí. "Àlàsàn, ṣé o fi ọ̀pá inú sí àárín?"

"Mo fi sí i. Ìwé rẹ ló parọ́."

Ó dùn mọ́ mi bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ìyá Ṣàkírátù tutọ́ sí Rìdwánù lójú, ẹ̀yin náà lé e. Láti ìgbà náà ló ti wà ní Benin. Bàbá rẹ̀ kú, kò lè wá sin ín.

Àwọn òpó náà ṣì wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí. Ẹ gé ìdí wọn, ẹ ó rí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ìyá Ṣàkírátù, mo bẹ̀ yín, ṣùgbọ́n ẹ má tíì dárí jì mí. Ẹ kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí Rìdwánù. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó padà wọ ilé bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ohun tó bá wù yín ni kí ẹ fi mí ṣe.